Ọmọ Ìlú Wo Ni Ọmọ Tí Wọ́n Bí Sínú Ọkọ̀?

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní

Bàbá mi àti màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àpò ìyẹ̀fun ni mo jókòó sí. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ọdún á yabo fún wa. Bàbá, orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń lọ jókòó sí èbúté láti máa sọ fún àwọn atukọ̀ tuntun pé wọn ò mọ ọkọ̀ ọ́ wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì, kó jẹ́ kí ẹnu náà sinmi díẹ̀.

Ara mi le. Ọ̀gá mi ti fi mí ṣe olórí ààrò. Èmi ni mò ń sọ ìgbà tí búrẹ́dì máa wọ iná àti ìgbà tó máa jáde. Ẹni mẹ́ta ló wà lábẹ́ mi, gbogbo wọn ló sì ń bẹ̀rù mi. Màmá, ẹ lè sọ ìyẹn fún àwọn ará ilé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Mo ti gba fọ́ọ̀mù láti di ọmọ orílẹ̀-èdè ibí. Òfin wọn ní ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́jọ, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò jalè, tó sì gbọ́ èdè wọn, lè béèrè. Èmi ti lo mẹ́sàn-án. Ẹ sì mọ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, ìwé ìdúró ni, kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde, wọ́n lè ní kí n má mú èkejì wọlé mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mi ò fojú kàn yín. Tí mo bá di ọmọ onílùú, màá wá lóṣù kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá ti ààrò pa fún àtúnṣe, màá sì padà síbi iṣẹ́ láìwẹ̀yìn.

Ìṣòro kan péré ló wà. Òfin ibí ò gbà kí èèyàn jẹ́ ọmọ ìlú méjì. Kí n tó búra fún tibí, mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé fi tilé sílẹ̀. Ìwé lásán ni, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ máa pòwe odò tó gbàgbé orísun. Mo ti gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà, ẹ fi yíǹkì yín pamọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ lọ sí kóòtù, torí a ò gba ìwé ìbí fún mi. Kí ẹ búra ọjọ́ tí ẹ bí mi àti ibi tí ẹ bí mi sí. Ìlà méjì péré. Mo mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni ẹ bí mi sí, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ò nílò ìtàn. Ìlú wa ni ọkọ̀ ti gbéra, ìlú wa ni kí ẹ kọ. Kó dé ọ̀dọ̀ mi kí oṣù kẹta tó parí o, torí tó bá kọjá ìgbà yẹn, fọ́ọ̀mù mi bàjẹ́ nìyẹn, ó sì di ọdún mẹ́ta kí n tó lè gba òmíràn.

Èmi ni ọmọ yín,
Olórí Ààrò

Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Olórí Ààrò,

A dúpẹ́ pé ara rẹ le. Ara tiwa náà le, àfi orúnkún mi tó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo wọ bàtà, mo bọ́ bàtà, mo tún un kà. Iṣẹ́ ni mo mọ̀ tí èèyàn ń kọ̀wé fi sílẹ̀. Bí o ti wá ń kọ̀wé fi wá sílẹ̀ yìí, ṣé kí n wá ẹlòmíì sí ipò rẹ ni? Ṣé oṣù kan ṣáájú ni wàá kọ ọ́ fún wa, àbí ojú ẹsẹ̀ ni? Mo bèèrè ni o, torí ìwọ lo mọ̀wé.

O ní ìwé lásán ni. Ìwé lásán náà ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìwé lásán náà ni pásítọ̀ fi so èmi àti ìyá rẹ pọ̀, ṣé o ti rí i kó já?

Ṣàlàyé kan fún mi. Tí o bá ti di tiwọn, tí o bá ṣe ohun tí kò dáa, ṣé mo ṣì lè bá ọ wí? Tàbí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọba wọn pé ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá ọmọ yín kan jà?

Òwe tí o ní kí n má pa, mo ti pa á. Ìyá rẹ ní ó bọ́ sí i dáadáa.

Kóòtù, màá lọ tí orúnkún bá gbà.

Bàbá rẹ, ó kéré tán títí di òní

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìbínú. Ẹ lè bá mi wí títí ayé, kò sí òfin tó lè yọ yín nípò bàbá. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ máa ń bú ìjọba náà lójoojúmọ́, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ ò tíì sọ sí wọn. Nígbà tí ó kàn mí láti fi wọ́n sílẹ̀, ẹ wá di agbẹjọ́rò wọn.

Ó ku oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀. Mo gbé “ẹ dákun” lé e lórí. Ìlà méjì.

Ọmọ yín

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Ọmọ mi dáadáa,

Mo ti lọ sí kóòtù. Mo ti búra. Kóòtù lẹ àpòòwé náà pa, wọ́n ní ọ́fíìsì tó béèrè nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣí i, torí náà má tú u. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, èmi ò ní fi ọwọ́ àgbà búra irọ́.

Ó gùn ju ìlà méjì lọ díẹ̀.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Bàbá mi tó fẹ́ràn òótọ́,

Mo kí yín. Ẹ jókòó kí ẹ tó máa ka èyí, torí ìdúró ni èmi wà nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Obìnrin kan ló ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì yẹn. Ìyá Olóǹtẹ̀ ni mo sọ ọ́, torí kò sí ìwé tó kọjá níwájú rẹ̀ tí kì í lù. Ó ṣí àpòòwé yín, ó gbé e fún ògbufọ̀, ògbufọ̀ sì kà á sókè létí gbogbo èrò tó wà lórí ìlà: “Èmi atukọ̀ yìí búra pé inú ọkọ̀ mi ni ìyàwó mi bí ọmọbìnrin yìí sí, lórí odò tó jẹ́ ààlà àwa àti àwọn ará òdìkejì. Láti èbúté wa, ọ̀pá ni a fi ń ti ọkọ̀. Tí a bá dé ibú, ọ̀pá ò kanlẹ̀ mọ́, àjẹ̀ ni a ó máa fi wà á. Tí a bá ré ibú kọjá, a ó fi àjẹ̀ sílẹ̀, a ó tún mú ọ̀pá. Nígbà tí ọmọ yìí ké, ọ̀pá ti padà sọ́wọ́ mi, ó sì ti kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá! Ta ló bi yín?

Ìyá Olóǹtẹ̀ ò lu òǹtẹ̀. Ó lọ gbé àwòrán ilẹ̀ wá, ó pe ẹni mẹ́ta, wọ́n forí jọ lé odò wa lórí. Ìka rẹ̀ kan bo gbogbo ìlú wa mọ́lẹ̀. Ó ní àárín ibú ni ààlà. Òfin òdìkejì sì ní ọmọ tó bá ké lórí ilẹ̀ àwọn tàbí lórí omi àwọn, tàwọn ni, ì báà béèrè, ì báà má béèrè. Òfin tiwa ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ tiwa, tiwa ni, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Nítorí náà, láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń jẹ́ ọmọ ìlú méjì tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo wá láti fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó di méjì.

Mo bèèrè bóyá bàbá mi lè tún ìwé náà kọ, kó ṣe kúkúrú. Ó wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fi irọ́ gba ọmọ onílùú, wọ́n lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ kódà lẹ́yìn ogún ọdún. Mo ní mo kàn bèèrè ni.

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì tí àwọn òdìkejì ní níbí, pé mo wá fi wọ́n sílẹ̀. Akọ̀wé wọn yẹ ìwé wò, ó ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé àwọn, àwọn ò sì lè pa orúkọ tí wọn ò kọ rẹ́. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ wọn kí n tó lè jáde. Fún ìyẹn, wọ́n fẹ́ ìbúra màmá, àti ti ẹlẹ́rìí kan tó jẹ́ ará òdìkejì tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Olóǹtẹ̀ ti sún gbèdéke mi di ìparí oṣù kẹfà. Ó ní láti ọdún mọ́kànlélógún tóun ti ń jókòó síbẹ̀, ìwé yín lòun gbádùn jù.

Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Mo kàn ń sunkún ni.

Ọmọ yín, ọmọ gbogbo ayé

Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ èyí. Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́, ó ní ọwọ́ ń ro òun. Ọwọ́ ò ro ó, ojú ló ń tì í. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ sọ fún ọ, mi ò ní bá a sọ ọ́. Ó ní ẹnu, ẹnu yẹn náà ló máa fi sọ ọ́.

Ní ti ẹlẹ́rìí, má mikàn. Mo ti gbé aṣọ mi wọ̀, mo ti sọdá. Obìnrin aránṣọ tó gé ìwọ́ rẹ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ṣì wà láàyè. Sísọ́ọ̀sì aṣọ ló fi gé e, ó sì ní òun ò rí sísọ́ọ̀sì tó mú tó o láti ìgbà náà. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi wọ bàtà, ó bá mi lọ sí kóòtù wọn.

Wọ́n bi èmi náà pé ṣé mo rí ibi tí ọkọ̀ wà lásìkò tí mo bí ọ. Mo ní ẹni tó ń rọbí kì í wo ibú. Adájọ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ ń rò pé inú mi ò dùn sí ohun tí o fẹ́ ṣe. Ọmọ ni mo bí, mi ò bí orílẹ̀-èdè. Ìwé tó bá máa jẹ́ kí n rí ọ, ìwé náà ni kí o gbà. Mo fi ìbúra méjèèjì sínú èyí. Jẹun dáadáa, má jẹ́ kó jẹ́ búrẹ́dì nìkan.

Ìyá rẹ

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi, màmá mi,

Màmá, ẹ ṣé, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá aránṣọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi jẹ́ ọmọ òdìkejì. Akọ̀wé wọn bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “Káàbọ̀ sílé, àǹtí mi.” Mo ní mo dúpẹ́ o, mo sì na ìwé tí mo fi ń jáde sí i. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n pa orúkọ mi rẹ́ lọ́jọ́ kejìlá. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ìwé tilé náà dé, wọ́n ní àwọn ti gbà pé mo lọ. Òǹtẹ̀ pupa ló wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, ni màá búra níbí. Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì ló wà láàárín, òní sì ni ìkẹta. Bàbá, mi ò kì í ṣe ọmọ ìlú kankan báyìí. Lánàá, mo lọ gba ẹrù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, fọ́ọ̀mù ní kí n kọ orílẹ̀-èdè mi. Mo kọ ọ́ pé “kò tíì sí.” Akọ̀wé wá a títí nínú ìwé rẹ̀, ó ní òun ò rí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà ò bá mi wọlé. Tí Ìyá Olóǹtẹ̀ bá lọ rí nǹkan míì nínú ìwé mi ńkọ́? Tí wọ́n bá ní mi ò lè búra mọ́, ibo ni wọ́n máa ní kí n lọ? Ilé ti yọ mí, òdìkejì ti yọ mí, ibí ò tíì gbà mí. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mo jó búrẹ́dì odidi ààrò kan lónìí, èmi tí mò ń pariwo mọ́ àwọn èèyàn.

Ẹ ò kọ̀wé sí mi láti oṣù kẹta. Ṣé ìbínú yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ọmọ yín

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mi ò bínú. Ìyá rẹ ti sọ fún ọ pé ojú ló ń tì mí, òun ló sì tọ̀nà, bó ṣe máa ń tọ̀nà kó tó wá sọ ọ́ di àsọtúnsọ.

Kí n tó lọ sí kóòtù, mo bá ọ̀gá aṣọ́bodè kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀. A jọ máa ń jókòó ní èbúté ni. Òun ló sọ fún mi pé tí mo bá fi lè sọ ibi tí ọ̀pá wà, òfin òdìkejì máa lọ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mo bá lọ, mo lọ sọ ibi tí ọ̀pá wà. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òótọ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Mo rò pé tí ọ̀rọ̀ náà bá lọ́jú pọ̀, á sú ọ, wàá ní kò ṣe mọ́, wàá sì máa jẹ́ tiwa lọ. Mo gbàgbé ẹni tí o jọ. Ìwọ wá ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku èyí tó so ọ́ mọ́ ibì kan. Èmi ni mo fà á tó fi jẹ́ méjì tí o ní láti tú.

Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò rántí pé mo ti kọ irú rẹ̀ sí ọmọ mi kankan rí. Ìyá rẹ wo ìwé yìí léjìká mi, ó ní ọ̀rọ̀ náà kéré jù, kò hàn dáadáa. Mo bẹ̀ ọ́.

Ní ti ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n bá tún bi ọ́ léèrè kó tó di ọjọ́ ìbúra, sọ pé ọmọ mi ni ọ́, kí o kọ orúkọ mi sí àyè orílẹ̀-èdè. Tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ ìlú náà, sọ fún wọn pé kò tóbi. Ẹni méjì ló kù nínú rẹ̀, orúnkún ọ̀kan sì ń dùn ún.

Lọ búra. Pariwo rẹ̀ kí wọ́n gbọ́.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Bàbá mi, màmá mi,

Ó ti bọ́ sí i! Mo ti búra! Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, Bàbá. Mo kà á fún gbogbo àwọn ará ibi iṣẹ́, mo túmọ̀ ibi orúnkún fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n màá máa rán yín létí rẹ̀ títí.

Àwa mẹ́rìnlá la dúró. Wọ́n ní ká gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo rí ìyẹ̀fun lábẹ́ èékánná mi, mo ká ìka kò. Ìyá Olóǹtẹ̀ wá sí ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ọmọ ọlọ́pàá odò náà dé ibi tó ń lọ. Ẹ má bínú, torí ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ yín ló ṣe túmọ̀ iṣẹ́ yín bẹ́ẹ̀. Mo sunkún, mi ò mọ èyí tí mò ń sunkún fún, èyí tí mo gbà ni tàbí èyí tí mo fi sílẹ̀. Inú mi dùn, ó sì dùn mí.

Ìwé ìrìnnà mi máa jáde lóṣù tó ń bọ̀. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹ́kù, ojú sì ń tì mí láti béèrè rẹ̀. Mo ti di àlejò nílé. Kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìwọlé, ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ onílùú gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun ló pè mí. Wọ́n ní àwọn ìbéèrè tí onítọ̀hún máa dáhùn, mo fi wọ́n sínú èyí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kó gùn.

Ọmọ yín

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ

Sí ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń fún àlejò ní ìwé ìwọlé,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Èmi atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni mo kọ̀wé yìí. Ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni mí, mi ò sì tíì fi í sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti dán mi wò lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ bi mí pé kí ni àlejò yìí jẹ́ sí mi. Ọmọ mi ni. Ẹ bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ fi oṣù mẹ́sàn-án jù mí lọ, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹni tó ṣáájú mi. Ẹ ní kí n mú ọ̀kan nínú òwò, ẹ̀kọ́, ìgbafẹ́ àti ìtọ́jú ara, pé èwo ló ń bọ̀ wá ṣe. Mo mú ìtọ́jú ara. Kì í ṣe tirẹ̀ o, tìyá rẹ̀ ni.

Ibi tó máa sùn wà. Yàrá kan ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá, ìyá rẹ̀ ti gbá a láti oṣù kìíní, ó sì ń tún un gbá. Ní ti iye ọjọ́, ọmọ náà ní ọgbọ̀n, ìyá rẹ̀ ní ọgọ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tìyá rẹ̀, kí ilé mi lè tòrò.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ní ta ló máa ṣe onídùúró pé àlejò yìí máa kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Èmi ni. Ẹ má mikàn rárá, mo ti ṣe é rí. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tó ń lọ, mi ò gbà kí atukọ̀ mìíràn gbé e. Èmi ni mo gbé e gúnlẹ̀ sí òdìkejì, èmi ni mo bá a sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀, èmi náà ni mo sì wa ọkọ̀ òfìfo padà sílé.